Èéfín Sìgá àti Àwọn Tí Kò Mu Ún

Ní 1933 ni ilé-iṣẹ́ sìgá dé Òṣogbo. Ní 1981, Hirayama ará Japan fi hàn pé obìnrin tí kò mu sìgá, ṣùgbọ́n tí ọkọ rẹ̀ ń mu ún, a máa ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju ẹlòmíràn lọ.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1990, tí òfin 2015 rọ́pò, dárúkọ ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, sinimá àti ọkọ̀ èrò. Èyí dáàbò bo ará Ìkirè tó ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí fún àwọn atatẹ́tẹ́ ní Àpòmù ńkọ́? Oníbàárà lè dìde kúrò nínú èéfín; bí òun bá dìde, iṣẹ́ bọ́. Lójú tèmi, òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ.