Orin àti Iná nínú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́: Ìtàn Okùn Kan

Nínú díẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní « venues de France », ènìyàn lè rí okùn kan nínú àpótí kékeré iwájú. Ẹnu okùn náà fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, kò sì bá fóònù kankan tí a ń ṣe lóde òní mu. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà a fà á jáde, a wò ó títí, a sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Okùn yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ra ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti lò ó.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná ti ṣòro ju ọ̀rọ̀ orin lọ. Ní ọdún 1928, Paul Galvin àti arákùnrin rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Chicago. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà ni ẹ̀rọ tí ó jẹ́ kí rédíò oníbátìrì lè máa lo iná ilé. Ní 1930 ni wọ́n gbé rédíò ọkọ̀ jáde, tí wọ́n sọ ọ́ ní Motorola. Rédíò ayé ìgbà náà ń fẹ́ iná tí ó ga fíìfíì ju fóltì 6 tí bátìrì ọkọ̀ ní lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ní láti ní bátìrì tiwọn lọ́tọ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà kúrò ní fóltì 6, tí wọ́n bọ́ sí fóltì 12. Orí 12 yìí ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà títí di òní.

Ihò kan sì wà níwájú awakọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nítorí orin rárá: ihò ìtanná sìgá. Ooru ni wọ́n fẹ́ kí ó mú wá. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí iná bátìrì ti dé inú rẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríṣiríṣi nǹkan bọ̀ ọ́.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Sony gbé Walkman jáde ní Japan ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1979, bátìrì kékeré méjì ni ó ń lò. Bí wọ́n bá tán, a ra òmíràn. Kò sí ẹni tí ó retí pé kí ọkọ̀ fún un ní iná. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ orin rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ ohùn ọkọ̀ a ki kásẹ́ẹ̀tì kan tí kò ní téèpù nínú bọ inú rédíò, okùn tí ó so mọ́ ọn a sì gbé orin wọlé. Bí ó bá wá fi okùn kejì gba iná láti inú ihò sìgá, ariwo kan lè bẹ̀rẹ̀: bí ẹ́ńjìnì bá ti ń sáré sí i ni igbe náà ń lọ sókè, bí ẹ̀fọn létí. Okùn méjèèjì pàdé lára irin ọkọ̀, ìmìtìtì iná tí ẹ́ńjìnì ń pèsè sì gba ibẹ̀ wọ inú orin.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2001 ni Apple fi iPod hàn. Bátìrì rẹ̀ wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀, ẹni tí ó ni ín kò lè yọ ọ́ fi òmíràn rọ́pò. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ń gbọ́ orin ti di ẹni tí ń wá iná kiri. Ní 2003, ẹnu okùn fífẹ̀ yẹn dé, irin tínńtín 30 ni ó wà nínú rẹ̀: àwọn kan ń gbé orin, àwọn kan ń gbé àṣẹ, àwọn kan ń gbé iná. Ọ̀nà méjì ni iná sì lè gbà wọlé, fóltì 12 ti FireWire tàbí fóltì 5 ti USB. Ní 2004, BMW ta okùn tí ó jẹ́ kí awakọ̀ lè fi bọ́tìnì ìtọ́kọ̀ darí iPod, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ti ní fóltì 12 tẹ́lẹ̀; kò yani lẹ́nu pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ yìí yan ọ̀nà tí ó rọrùn fún wọn.

Ní 2008, ọ̀nà náà dí. iPhone 3G, àti iPod nano àti iPod touch tí ó jáde lọ́dún náà, kò gba fóltì 12 mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò yí ẹnu okùn padà! Ó wọlé geerege, orin ń dún, bọ́tìnì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bátìrì ń lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan a sì jáde lójú ẹ̀rọ pé okùn yìí kò lè fún un ní iná. Àwọn oníṣòwò wá ń ta ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ 12 di 5. Ní tèmi, àṣìṣe gidi ni kí wọ́n tọ́jú ìrísí, kí wọ́n sì yí ohun tí ìrísí náà ṣèlérí padà, nítorí ẹni tí ó ra ọkọ̀ ní ọdún kan ṣáájú ni ó san owó rẹ̀. Nígbà tí ó di 2012, ẹnu okùn mìíràn dé tí ó ní irin 8. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni ti àkọ́kọ́ lò, ọkọ̀ sì lè rìn fún ogún ọdún. iPod fúnra rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2022.

USB dúró pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní ààlà. Ìdajì ampère kan ni ihò USB inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ń fúnni. Fóònù tí ń kọrin tí ó sì ń fi ọ̀nà hàn lè ná ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó máa gba iná kí bátìrì rẹ̀ sì tún máa dínkù. Láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2024, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pa á láṣẹ pé USB-C ni kí fóònù tuntun tí a bá ń tà níbẹ̀ máa fi gba iná. Òfin náà kò kan okùn tí ó ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa gúnlẹ̀ sí Kútọnu fún ọdún púpọ̀ sí i.

Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, ihò sìgá náà ni awakọ̀ ṣì ń lò. Ó fi ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ 12 di 5 bọ̀ ọ́, fóònù ń gba iná níbẹ̀, orin sì ń gba ojú afẹ́fẹ́ wọ inú rédíò. Okùn fífẹ̀ yẹn ṣì wà nínú àpótí iwájú, lábẹ́ ìwé ọkọ̀.