Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti: Ẹ̀kọ́ Ọmọbìnrin Kan Tó Di Ti Ọ̀pọ̀ Obìnrin

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ Thomas sí ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900, jẹ́ ilé tí bàbá àti ìyá ti gbà pé ẹ̀kọ́ kò mọ akọ, kò mọ abo. Láyé ìgbà náà, èrò ọ̀pọ̀ òbí ni pé bí ọmọbìnrin bá ti mọ iṣẹ́ ilé, tó sì mọ ọjà tà, ó parí. Nígbà tí Ilé Ẹ̀kọ́ Gíramà Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, wá gba ọmọbìnrin wọlé ní 1914, Fúnmiláyọ̀ ni àkọ́kọ́.

Ní 1919, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Frances Abigail ni orúkọ òyìnbó tó gbé lọ. Nígbà tó fi máa padà dé ní 1922, ó ti pa méjèèjì tì, Fúnmiláyọ̀ ló kù. Ìwé tó kà kò mú un tijú ìran rẹ̀ rárá. Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde, ó di olùkọ́ níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì rí ẹni wò kọ́ṣe. Ní 1925, ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, olùkọ́ bíi tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ kó jọ, àwọn obìnrin tó mọ̀wé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ sísè ni wọ́n ń kọ́ ara wọn. Ọ̀ràn yí padà ní àárín ọdún 1940 sí 1946, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọlọ́jà tí kò mọ̀wé, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ròyìn nínú ìwé rẹ̀, Aké (1981), pé òun náà bá wọn kọ́ àwọn ìyá náà. Àmọ́ àwọn olùkọ́ pàápàá kẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu àwọn ọlọ́jà ni wọ́n ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì wọn, àti bí owó orí ṣe ń ni wọ́n lára: ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san án, ọmọkùnrin di ọdún 16 kó tó san.

Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ìró àti bùbá ni Fúnmiláyọ̀ ń wọ̀, èdè Yorùbá ló sì fi ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, kí ọlọ́jà má baà di àjèjì nínú ọ̀ràn tó kàn án. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní òpin ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin rọ́ lọ sí ààfin. Owó orí obìnrin dáwọ́ dúró, Aláké Adémọlá Kejì sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Lóòótọ́, ó padà sórí oyè ní 1950, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti mọ agbára wọn.

Ìwé kíkà nìkan kọ́ ló gbé Fúnmiláyọ̀ débẹ̀. Òbí rẹ̀ gbà á gbọ́, òun náà sì gba àwọn ẹlòmíràn gbọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì tí kò lè nawọ́ sókè, ẹni tí yóò sọ fún un pé ó lè ṣe é ló ń retí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, ẹ kàwé, ẹ má tijú orúkọ yín, kí ẹ sì fa ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́.