Láti Ihò Ara Ògiri dé Ẹnu Ọ̀nà: Ìtàn Òfin Orísun Kan Náà lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni bí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe wá ọ̀nà gba ẹ̀yìn òfin kan tí aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì ń pa mọ́, ìyẹn òfin orísun kan náà. Ọ̀pọ̀ ni ó ka òfin yìí sí ìdènà lásán. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ àṣẹ ni: ta ni ó lè yọ̀ǹda ohun ilé fún àlejò?

1. Òfin náà àti ìdí rẹ̀

Láàárín 1995 sí 1996 ni ilé-iṣẹ́ Netscape fi èdè JavaScript, tí Brendan Eich ṣe, sínú aṣàwákiri rẹ̀. Ojúewé tí ó jẹ́ ohun kíkà lásán di ohun tí ó lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ewu sì dé. Bí ènìyàn bá ti wọ ìkànnì báǹkì rẹ̀, aṣàwákiri a máa fi kúkì, tí í ṣe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, ránṣẹ́ sí báǹkì náà. Bí kò bá sí òfin, ojúewé àjèjì lè fara pamọ́ sábẹ́ àmì yìí kí ó ka àkáǹtì onílé. Nítorí náà ni a ṣe là á sílẹ̀ pé kóòdù ojúewé kan kò gbọdọ̀ ka ohun tí ó wá láti orísun mìíràn.

2. Ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ní 1999, Microsoft gbé XMLHttpRequest jáde nínú Internet Explorer 5. Ojúewé wá lè béèrè ìsọfúnni láìtún ara rẹ̀ ṣí. Nígbà tí ó fi di 2005, tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ da ìsọfúnni ìkànnì kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn, ìnira òfin náà hàn gbangba.

Àwọn kan rán sáfà tiwọn níṣẹ́ alárinà, nítorí aṣàwákiri ni òfin dè, kò de sáfà. Ọ̀nà yìí kò gbé kúkì ẹnikẹ́ni dání, ṣùgbọ́n sáfà onílé ni ó ru gbogbo ẹrù.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Òfin náà gba ojúewé láàyè láti kó kóòdù wá láti ìkànnì yòówù. Ihò yìí ni JSONP gbà wọlé, èyí tí Bob Ippolito dábàá ní oṣù Kejìlá 1980 àti 25, ìyẹn 2005: a di ìsọfúnni sínú kóòdù. Àbùkù rẹ̀ kò kéré. Ẹni tí ó béèrè omi lọ́wọ́ àjèjì ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́, nítorí kóòdù àjèjì náà lè ṣe ohunkóhun nínú ojúewé rẹ̀.

3. Ìyọ̀ǹda

CORS ni ó ṣí ẹnu ọ̀nà gan-an. Firefox 3.5 ti ń lò ó ní 2009. W3C sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kìn-ín-ní 2014. Sáfà tí ó ni ìsọfúnni ni ó ń fi Access-Control-Allow-Origin dárúkọ orísun tí ó lè kà á. Ó lè fi àmì ìràwọ̀ yọ̀ǹda fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n bí kúkì bá wà nínú ọ̀rọ̀, ó di dandan kí ó dárúkọ àlejò náà.

Ìkádìí

A ti rí i pé a kò wó ògiri náà. Àṣẹ ni ó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó rí ihò, tí ó bọ́ sọ́wọ́ onílé. Síbẹ̀, kíkà èsì ni aṣàwákiri ń dènà. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ṣì ń dé ọ̀dọ̀ sáfà. Onílé tí ó bá sì ń yọ̀ǹda fún gbogbo ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ti sọ òfin náà di asán.