Bí Fàdákà Ṣe Di Ojú Tó Ń Rí Májèlé

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé oògùn apakòkòrò dichlorvos pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí òfin gbà kò ju gíráàmù kan lọ nínú tọ́ọ̀nù 100. Báwo ni ènìyàn ṣe ń rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà rẹ̀ kò kan ṣoṣo. Ìtàn ọ̀kan nínú wọn la mú wá.

Ní 1928, C. V. Raman ará Íńdíà ṣàkíyèsí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sára nǹkan, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa padà pẹ̀lú àwọ̀ mìíràn. Bí ilà ojú ṣe ń fi ìdílé hàn láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni àyípadà yìí ń fi ohun kọ̀ọ̀kan hàn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1930. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà kéré jọjọ.

Ní 1974, ní Southampton níhìn-ín, Fleischmann, Hendra àti McQuillan fi iná mànàmáná sọ ojú fàdákà di gbágungbàgun. Wọ́n fi kẹ́míkà pyridine sí i, ilà rẹ̀ sì hàn kedere. Wọ́n rò pé pyridine tó pọ̀ sí i lójú fàdákà ló fà á. Ní 1977, Jeanmaire àti Van Duyne ní Amẹ́ríkà, àti Albrecht àti Creighton ní Canterbury, ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé ìdí yẹn kò tó: agbára rẹ̀ ti di nǹkan bí ìlọ́po 100,000. Fàdákà fúnra rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́.

Lọ́dún 1977 kan náà, Shirakawa, MacDiarmid àti Heeger fi hàn pé irú ike kan lè gbé iná mànàmáná. Ẹ̀bùn Nobel tiwọn dé ní 2000. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ní Los Alamos, ní Amẹ́ríkà, so ìmọ̀ méjèèjì pọ̀. Wọ́n ri ike polyaniline bọ omi tí iyọ̀ fàdákà ti yòrò sí. Láìsí iná, ike náà fúnra rẹ̀ sọ iyọ̀ náà di fàdákà, tó hù lára rẹ̀ bí ewé wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Níbi tóóró tó wà láàárín wọn ni ìmọ́lẹ̀ ti ń lágbára jù.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé rírí nìkan kò tó. Ẹni tó ṣírò ló mọ ìtumọ̀. Ẹ̀wà tí Yúróòpù kọ̀, irú rẹ̀ ni àwọn òbí wa ń rà lọ́jà nílé. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa bá gbé irú ojú yìí dé ọjà náà, gbogbo wa la jèrè.