Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Iṣẹ́ Ìjọba Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ìtàn ogun, ìtàn oyè àti ìtàn bí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ṣe dé ìlú ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ọdọọdún yìí. Èyí tí a fẹ́ sọ lọ́dún yìí kò dàgbà tó ìwọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀nà tí à ń rìn, ilé ìwé tí àwọn ọmọ wa ń jókòó sí àti omi tí à ń mu. Ìtàn bí ó ṣe di ẹ̀tọ́ ni, pé kí ẹni tó du iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ ìjọba, tí kò sì rí i gbà, lè bi ìjọba léèrè pé, "Òṣùwọ̀n wo ni ẹ fi wọ̀n wá?"

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn náà ti hàn kedere nínú ìwé ẹjọ́. Ní 1921 ni òfin dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí yóò máa yẹ ìwé owó ìjọba wò; General Accounting Office ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Kò pẹ́ tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ń gbé ẹ̀sùn lọ síbẹ̀, bí òfin náà kò tilẹ̀ dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ní kóòtù, ilẹ̀kùn tì gbọn-in. Ní 1940, nínú ẹjọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ irin kan tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Lukens Steel, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìjọba dà bí oníbàárà yòówù: ẹni tó bá wù ú ni ó lè rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní nítorí ìjọba fúnra rẹ̀ ni a ṣe òfin tó de ìrajà ìjọba, kì í ṣe nítorí ẹni tó fẹ́ tajà fún un.

Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Ní 1970, ilé-iṣẹ́ Scanwell Laboratories, tó ti du iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń tọ́ ọkọ̀ òfuurufú sọ́nà láti balẹ̀, mú ìjọba dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington. Àwọn adájọ́ gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́. Ìdí tí wọ́n fi gbà ni ó wù wá jù: wọ́n ní ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jà fún ara rẹ̀ nìkan, ó dúró bí alágbàwí fún gbogbo ará ìlú tí à ń ná owó wọn. Nígbà tí ó di 1984, òfin fi ìdí ẹ̀tọ́ náà múlẹ̀ pé bí ẹ̀sùn bá tètè dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wé-owó, iṣẹ́ náà ní láti dúró ná, àfi bí ọ̀ràn bá jẹ́ kánjúkánjú gidi.

Kí wá ni ẹlẹ́sùn ní láti fi hàn? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Kò tó kí ó sọ pé iṣẹ́ òun dára ju ti ẹnìkejì lọ. Ohun tí à ń béèrè ni bóyá òṣùwọ̀n tí ìjọba kéde ni ó fi wọ̀n wọ́n. Àwa tí a ti ń máàkì ìwé ìdánwò láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ìyàtọ̀ yìí. Bí a bá kọ ọ́ sórí ìwé ìbéèrè pé kò sí máàkì fún ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára, tí olùkọ́ sì tìtorí ọwọ́ ìkọ̀wé gbé ọmọ kan sí ipò kìíní, ọmọ tó ṣe ipò kejì ní ẹjọ́ tí yóò rò, ìbáà ṣe pé òun pẹ̀lú kò mọ̀wé púpọ̀.

Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni ó gba gbogbo ìwé ìròyìn ní 2008. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ń wá ọkọ̀ 179 tí yóò máa fún ọkọ̀ mìíràn ní epo lójú sánmà, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó nǹkan bí 35 bílíọ̀nù dọ́là. Ní 29 Fẹ́búárì, wọ́n gbé e fún Northrop Grumman, tó dara pọ̀ mọ́ EADS ti ilẹ̀ Yúróòpù. Boeing, tó ti ń ṣe irú ọkọ̀ yìí fún wọn láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 11 Máàṣì, ó kọ ẹ̀sùn. Ní 18 Júùnù, kí 100 ọjọ́ tó pé, ìdájọ́ jáde. Wọ́n da púpọ̀ nínú ẹ̀sùn rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n méje fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi pe àwọn agbaṣẹ́ṣe sọ pé kò sí àfikún fún ẹni tó bá ṣe ju góńgó kan lọ. Síbẹ̀ wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé Northrop ga. Wọ́n sọ fún Boeing pé ó ti kúnjú ìwọ̀n lórí ohun kan, wọ́n yí èrò padà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò sì sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jíròrò lọ. Ìṣirò pàápàá kò péye: nígbà tí wọ́n tún un ṣe, Boeing ni owó tirẹ̀ kéré jù, bí a bá ka ìnáwó orí ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò gbó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹni mímọ́ ni Boeing. Ọdún díẹ̀ ṣáájú, ọ̀gá kan nínú ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ti lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀ lọ́wọ́ Boeing nígbà tí òun gan-an ń bá Boeing ṣe àdéhùn nítorí ìjọba, ọ̀gá owó Boeing náà sì tẹ̀lé e lọ sẹ́wọ̀n. Síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀. Wọ́n fagi lé ìdíje náà ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2008, wọ́n tún un ṣe, Boeing sì gbà á ní 24 Fẹ́búárì 2011. Oṣù Jánúárì 2019 ni ọkọ̀ kìíní tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀tọ́ yìí máa ń fi nǹkan falẹ̀ kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àìsí rẹ̀ ṣe nílé wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, òfin ìṣúná ti 1958 àti ìwé ìkéde láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìṣúná ni ìjọba àpapọ̀ fi ń pín iṣẹ́. Ní 1975, ìjọba ológun ti ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ju 400 ọkọ̀ lọ tò sójú òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn kún fún sìmẹ́ǹtì, ìjọba sì ń san owó ìdádúró. Àwọn àgbàlagbà tó wà ní Èkó nígbà náà kò tí ì gbàgbé. Ta ni ìbá béèrè nígbà tí a ń pín iṣẹ́ náà, àti níbo ni ìbá ti béèrè?

Ní 2001 ni a dá ẹ̀ka tí gbogbo ayé mọ̀ sí "Due Process" sílẹ̀. Ní 4 Júùnù 2007, tí Ààrẹ Yar'Adua kò tí ì lo ọ̀sẹ̀ kan lórí oyè, ó fọwọ́ sí òfin ìrajà ìjọba, èyí tó dá Bureau of Public Procurement sílẹ̀. Abala 54 ni kí àwọn agbaṣẹ́ṣe wa há sórí. Ọ̀gá àgbà tó ń jíhìn owó ní ilé-iṣẹ́ náà ni a ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 tí a gbọ́ ohun tó dùn wá. Òun náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn. Bí kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn kò tẹ́ wa lọ́rùn, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni a ní láti dé ọ̀dọ̀ Bureau, tí yóò sọ tirẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 21. Lẹ́yìn èyí ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, láàárín 30 ọjọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni èyí o. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní òfin tirẹ̀, kí agbaṣẹ́ṣe ṣe ìwádìí rẹ̀ kó tó mú kálàmù.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò wí: ẹni tó bá fẹjọ́ sùn lónìí, wọn kò ní pè é mọ́ lọ́la. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe asán. Ohun tó tilẹ̀ dùn wá jù ni pé olùdíje nìkan ni abala 54 fún láyè. Ìlú tí ọ̀nà náà yóò gbà kọjá kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 16 nínú òfin kan náà sọ pé gbogbo ìwé ìrajà tí kì í ṣe ìwé àṣírí ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú láti wò, bí a bá ti san owó àdàkọ rẹ̀. Ìyẹn kò yọ ẹgbẹ́ ìlú sílẹ̀, owó àpótí ẹgbẹ́ wa sì ká a.