Ìdí Tí Èlé Orí Ẹ̀yáwó Kan Fi Ń Wálẹ̀ Tí Ti Òmíràn Sì Ń Lọ Sókè

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) dín òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ kù láti ìdá 27.5 sí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọdún 2020, kò tíì ṣe irú ìdínkù bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, oníṣòwò ní ọjà Ìkéré-Èkìtì tí ó ń yá owó lórí fóònù lè má rí ìyàtọ̀ kankan nínú iye tí ó ń san. Èlé tirẹ̀ tilẹ̀ lè máa ga sí i. Àlàyé yìí wà fún àwọn ará Ìkéré, Ìsẹ̀, Èmùré àti gbogbo gúúsù ìpínlẹ̀ wa, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó fà á.

Ohun mẹ́ta tí ó wà nínú èlé

Ohun mẹ́ta ni ayánilówó máa ń rò pọ̀ kí ó tó dárúkọ èlé. Èkíní ni iye tí òun náà fi rí owó náà. Èkejì ni ìnáwó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù pé ẹni tí ó yá owó lè má rí i san.

Bí Báǹkì Àpapọ̀ bá dín òṣùwọ̀n rẹ̀ kù, ti èkíní nìkan ni ó fọwọ́ kàn. Bí ọjà bá dá, tí oúnjẹ wọ́n, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rí gbèsè san, ìbẹ̀rù ayánilówó yóò pọ̀ sí i, yóò sì bu iye tí ó rò pé òun lè pàdánù lé èlé gbogbo oníbàárà. Ẹni tí ó ń san déédéé ni yóò wá máa ru ẹrù ẹni tí kò san.

Ẹni tí ó ní ohun ìdógò tàbí oníduró gidi kì í ru púpọ̀ nínú ẹrù yìí. Ẹ̀yáwó kíákíá orí fóònù kò ní ìdógò, ẹni tí ó sì ń wá owó ní ìkánjú kì í sábà béèrè iye tí ẹlòmíràn ń gbà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020

Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, Báǹkì Àpapọ̀ dín òṣùwọ̀n rẹ̀ láti ìdá 13.5 sí 12.5 ní oṣù Karùn-ún, ó sì tún dín in sí 11.5 ní oṣù Kẹsàn-án. Ṣáájú èyí, ní oṣù Kẹta, ó ti dín èlé orí owó ìrànwọ́ rẹ̀, títí kan ti àwọn àgbẹ̀, láti ìdá 9 sí 5. (Ní ọdún 2022 ni ó dá a padà sí 9.)

Kí ọdún 2020 tó parí, èlé tí àwọn báǹkì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà tí wọ́n fọkàn tán jùlọ ti wálẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 15 sí nǹkan bí 11. Èlé tí ó ga jùlọ kò kúrò láàárín nǹkan bí 28 sí 30.

Bákan náà ni ó rí ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi káàdì ra ọjà àwìn. Òṣùwọ̀n báǹkì àpapọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo ní ọdún 2014, ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2021. Síbẹ̀, èlé orí káàdì tó nǹkan bí ìdá 13 nígbà àkọ́kọ́, ó sì ju 16 lọ nígbà kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 kan náà, èlé orí owó ilé, tí ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdógò fún, kò tó ìdá 3.

Bí a ṣe ń ṣírò èlé

Ká ní ẹ yá ₦100,000 fún oṣù 6, pẹ̀lú èlé ìdá 5 lóṣù. Bí ayánilówó bá ń gba èlé lórí gbogbo owó náà títí dé òpin, èlé yóò jẹ́ ₦30,000. Bí ó bá ń gbà á lórí iye tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ ti ń dá ojú owó padà ní ìdọ́gba lóṣooṣù, yóò jẹ́ ₦17,500. Ìdá 5 kan náà ni wọ́n dárúkọ fún yín, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ jẹ́ ₦12,500.

Kí ẹ tó yá owó

• Ẹ béèrè àpapọ̀ iye náírà tí ẹ ó dá padà, àti owó tí wọn yóò yọ kí wọ́n tó fún yín.

• Ẹ béèrè bóyá oṣù tàbí ọdún ni èlé náà wà fún.

• Ẹ kọ́kọ́ wádìí ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ ara wọn, ìbẹ̀rù kò pọ̀, èrè sì ń padà sọ́dọ̀ wọn.

• Ẹ rántí pé láti ọdún 2017, òfin ti gba ẹ̀rọ, ọkọ̀ àti ọjà láàyè gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. Kò dìgbà tí ẹ bá ní ilẹ̀.

• Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ fẹ́ yá a, ẹ wo orúkọ ayánilówó náà nínú àkọsílẹ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń dáàbò bo oníbàárà (FCCPC). Àjọ náà ni kí ẹ fi ẹjọ́ sùn bí wọ́n bá ń dójú tì yín lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́.

• Bí ó bá jẹ́ báǹkì ni ó ṣì yín gbà, báǹkì náà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá láìsí àtúnṣe, ẹ kọ̀wé sí Báǹkì Àpapọ̀.

Ìròyìn pé èlé ti wálẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, kí owó sogúndogójì sì wà níwájú ẹnu ọ̀nà yín. Iye tí a kọ sínú ìwé àdéhùn yín ni èlé yín. Ẹ kà á kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.