Ogún BeOS: Àyẹ̀wò Ètò Ìṣiṣẹ́ Haiku Lórí Kọ̀ǹpútà Gbogbogbòò

Linux ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá kan ètò ìṣiṣẹ́ tí a lè fi rọ́pò Windows. Haiku ni àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò, nítorí ìtàn rẹ̀ jẹ́ kó hàn pé dídára ètò kan kò tó láti gbé e dé orí kọ̀ǹpútà aráàlú. Ẹni tó ń darí bí ẹ̀rọ ṣe ń jí, àti ẹni tó ń kọ dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, àwọn ni agbára wà lọ́wọ́ wọn.

Ọdún 1990 ni Jean-Louis Gassée, tó ti jẹ́ ọ̀gá ní Apple, dá ilé-iṣẹ́ Be sílẹ̀ ní Kalifọ́níà. Nígbà tó di 1998, wọ́n gbé BeOS, ètò ìṣiṣẹ́ wọn, wá sórí ẹ̀rọ Intel, irú èyí tó kún ọjà. Hitachi gbà láti fi í sínú kọ̀ǹpútà FLORA Prius lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tan ẹ̀rọ náà, Windows nìkan ni yóò rí. BeOS wà nínú díìsìkì lóòótọ́, àmọ́ kò sí ibi tí a ti lè yàn án. Be sọ pé àdéhùn Microsoft pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ló fà á, ó sì pè é lẹ́jọ́ ní 2002. Ní 2003, Microsoft san mílíọ̀nù 23.25 dọ́là láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà náà: ilé-iṣẹ́ Palm ti ra ohun ìní Be láti 2001.

Ọdún 2001 yẹn gan-an ni àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bẹ̀rẹ̀ OpenBeOS láti tún BeOS kọ; òun ló di Haiku ní 2004. Ọ̀tun ni wọ́n kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀dà ìdánwò (beta) àkọ́kọ́ jáde ní 2018, ìkarùn-ún ní 2024.

Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni bí Haiku ṣe ń tọ́jú fáìlì. Lẹ́tà ímeèlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì kan. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àkòrí àti ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ àbùdá tí a so mọ́ fáìlì náà. Bí mo bá béèrè gbogbo lẹ́tà tí mi ò tíì kà láti ọwọ́ ẹnì kan, èsì yóò wá lójú ẹsẹ̀; bí lẹ́tà tuntun bá sì dé, òun náà yóò yọjú síbẹ̀ láìjẹ́ pé mo tún béèrè. Microsoft lépa ohun tó jọ èyí nínú WinFS, wọ́n sì pa á tì ní 2006.

Dráífà ni olórí ìṣòro. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì Wi-Fi kì í sábà kọ dráífà fún ètò tí àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, wọn kò sì lè pọ̀ bí Wi-Fi kò bá ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń kọ Haiku wá yá dráífà FreeBSD àti OpenBSD, wọ́n sì kọ ètò alárinà tó ń jẹ́ kí àwọn dráífà náà ṣiṣẹ́ nínú Haiku. Ìpinnu ọlọgbọ́n ni. Ti àwòrán 3D kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Prósẹ́sọ̀ ló sábà máa ń dá a ṣe, nítorí náà géèmù ńlá kò bá a mu.

Fún ìwé kíkọ àti ímeèlì, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí Windows ti wúwo jù fún lè gbé Haiku: 384 MB mẹ́mòrì ló kéré jù tó ń béèrè. Lórí ẹ̀rọ tuntun, a ní láti pa Secure Boot, nítorí Haiku kò ní ìbuwọ́lù tí ẹ̀rọ náà ń wá. Orí fíláàṣì ló yẹ kí olùdánwò ti kọ́kọ́ tan án, kó yẹ Wi-Fi àti ohùn wò, kó tó fọwọ́ kan díìsìkì.